Ẹ Bi Ìyá Ọmọ Léèrè Kí Ẹ Tó Bá A Wí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti oògùn, kì í sì í ṣe ti oúnjẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì ní ìlú Ìlọrin yìí, mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí ìtọ́jú gbà, kì í ṣe nítorí pé oògùn wọ́n, kì í ṣe nítorí pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnì kan bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò dára, ìyá náà sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ní orílẹ̀-èdè wa, ó yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, ní ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ 10, ní ọ̀sẹ̀ 14, ní oṣù 9 àti ní oṣù 15. Ìgbà 6 nìyẹn. Abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́ kò tó àkókò títí di oṣù 9, èkejì sì di oṣù 15. Bí a bá bú ìyá kan ní ọ̀sẹ̀ 6, tí ó sì bínú lọ, ẹ wo iye ìgbà tí ó kù tí kò ní í wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni èéyi kì í dúró de ẹni tí ń bínú. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá ní in lè kó o ran ènìyàn 12 títí dé 18 láàárín àwọn tí kò gba àjẹsára. Àjọ WHO àti àjọ UNICEF ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, ọmọ tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 ní Nàìjíríà ni kò rí àkọ́kọ́ nínú abẹ́rẹ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 gbà rárá.

Kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ni ó ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ ń bá a sọ ọ́, alájọgbé ń bá a sọ ọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń tajà ní Ìpàtà ń bá a sọ ọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni ọ̀rọ̀ yìí.

ÌDÍ TÍ ÌBÁWÍ KÌ Í FI Í WỌLÉ

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá jágbe mọ́ ìyá ọmọ pé, "Ìwọ obìnrin yìí, kí ló dé tí o ò gbé ọmọ wá láti oṣù tó kọjá? Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Kí ni ẹ rò pé yóò sọ? Yóò gbèjà ara rẹ̀ ni. Yóò ní òjò rọ̀. Yóò ní ara ọmọ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Yóò ní ọkọ òun kò sí nílé. Bí ó ti ń ka àwọn ìdí wọ̀nyí, etí ara rẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ wọn. Nígbà tí yóò bá fi kà wọ́n tán, ó ti dá a lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pé òun kò jẹ̀bi, àti pé kò sí ìdí tí òun fi níláti wá. Àwa ni a fi ìbáwí kọ́ ọ ní àwíjàre.

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ní ọkàn méjì lórí irú nǹkan báyìí. Ọkàn kan ń fẹ́ ire ọmọ, èkejì ń bẹ̀rù. Bí àwa bá gba ọ̀rọ̀ ọkàn kìíní mọ́ òbí lẹ́nu, tí a sọ gbogbo rẹ̀ tán, kí ni ó kù fún un láti sọ? Ti ọkàn kejì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè, tí a sì fetí sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìdí tí ó fi yẹ kí ọmọ òun gba abẹ́rẹ́. Ìdí tí ènìyàn bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kì í ṣòro fún un láti dì mú. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé.

Àwọn àgbà wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n ní ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n ohùn tútù nìkan kò tó, nítorí pé a lè fi ohùn tútù pàṣẹ. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí a lè kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Miller, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1983. Àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ni ó ń tọ́jú. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà pé àfi kí a ko ọ̀mùtí lójú kí ó tó yí padà. Miller rí i pé bí a bá ti ń takò ó tó, bẹ́ẹ̀ ni òun náà yóò máa takò wá tó. Ní 1991, òun àti Stephen Rollnick kọ odindi ìwé lórí rẹ̀. Motivational interviewing ni àwọn òyìnbó ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ọgbọ́n ìbéèrè. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mùtí ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń tọ́jú ọmọdé. Ní Quebec, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n ti fi àwọn olùdámọ̀ràn tí ó mọ̀ ọ́n sí ilé ìgbẹ̀bí, kí wọ́n lè bá ìyá jíròrò nípa àjẹsára kí ó tó gbé ọmọ tuntun lọ sílé.

Ẹ̀KỌ́ TI KANO

Kò yẹ kí a lọ jìnnà kí a tó mọ̀ pé ìbẹ̀rù òbí kì í ṣàdédé wá. Ní 1996, àìsàn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn kan ń pè ní yírùnyírùn, jà rànyìn ní Kano. Ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer láti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ tí ń ṣe àìsàn náà. Ọmọ bí 200 ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tí ó gba Trovan, 6 nínú àwọn tí ó gba oògùn kejì. Ilé-iṣẹ́ náà ní àìsàn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn òun. Àwọn òbí ní wọn kò jẹ́ kí ó yé àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀. Ní 2009 ni Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano.

Nítorí náà, nígbà tí ó di 2003, tí àhesọ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní òkè ọya pé ohun tí ń sọ obìnrin di àgàn wà nínú oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà rí ilẹ̀ rírọ̀ wọ̀. Irọ́ ni àhesọ náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí ó gbé e dúró ní gbòǹgbò. Àwọn ìpínlẹ̀ kan dá iṣẹ́ náà dúró. Kano kò tún bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Keje 2004. Kòkòrò àìsàn náà kò dúró ní tirẹ̀: láti àríwá Nàìjíríà ni ó ti dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 20, àti Benin àti Togo nítòsí wa níhìn-ín, títí dé Indonesia lókèèrè.

Àwọn kan wà nígbà náà tí ń pe àwọn òbí Kano ní òpè. Èébú náà kò kán oògùn sí ọmọ kankan lẹ́nu. Ohun tí ó tún ọ̀rọ̀ ṣe ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, wọ́n sì ń dá wọn lóhùn. Wọ́n yẹ oògùn náà wò. Kano gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, kí ọkàn àwọn ènìyàn lè balẹ̀. Ní 2009, àwọn ọba ilẹ̀ àríwá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Sultan Sokoto láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin àdúgbò ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń jókòó ti àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn. Ní 2016, ní Borno, ni a rí ojúlówó kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020 sì ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú kejì rẹ̀ ṣì ń yọjú níbi tí àjẹsára kò bá ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ púpọ̀, nítorí náà kò tíì tó àkókò láti sinmi.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ỌGBỌ́N YÌÍ

Èkíní ni ìbéèrè tí ń lani lẹ́nu. Bí ẹ bá bèèrè pé, "Ṣé ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 10?" bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ kúkú bèèrè pé, "Báwo ni ara ọmọ ti rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọjọ́sí?" tàbí, "Kí ni ẹ ti gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ yìí?"

Èkejì ni kí a yin ohun tí ó ṣe dáadáa, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Ìyá tí ó fi ọ̀rá wé káàdì ọmọ rẹ̀ kí omi má bà á jẹ́, ìyá tí ó fi ọjà sílẹ̀ tí ó sì rin oòrùn wá, nǹkan ni ó ṣe. Ẹ sọ ọ́ fún un. Ìpọ́nni kọ́ nìyí. Ìyá ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó rí òun àti ẹni tí ń pọ́n òun.

Ẹ̀kẹta ni kí a dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un, kí ó lè mọ̀ pé a gbọ́. Bí ó bá ní ọmọ sunkún mọ́jú, ẹ má ṣe ní "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ẹ ní, "Ẹ̀rù bà yín lóru ọjọ́ náà." Yóò fi kún un fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kí a gba àyè kí a tó dá ìmọ̀ràn. "Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n sọ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ fún yín?" Ìmọ̀ràn tí a gba àyè fún, àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn ni. Bí a bá sì sọ ọ́ tán, kí a tún bèèrè bí ó ti rí i.

Ẹ̀karùn-ún ni kí a kó gbogbo ohun tí ó sọ jọ, ti ìbẹ̀rù àti ti ìfẹ́, kí a gbé e síwájú rẹ̀, kí a sì bèèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń lọ pọ̀. Ká sọ pé ìyá kan, tí a ó pè ní Ìyá Àdùkẹ́, gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 fún ọmọ rẹ̀, kò sì wá ní ọ̀sẹ̀ 10. Lẹ́yìn oṣù kan ó yọjú nítorí ọ̀fìnkìn.

Nọ́ọ̀sì: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú oòrùn o. Báwo ni ọmọ ti ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí ó gbà níjọ́sí?

Ìyá: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kò sùn mọ́jú. Ara rẹ̀ gbóná, itan rẹ̀ le, igbe ló ń ké. Ìyá ọkọ mi ní kí n má gbé e lọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀rù wá ń bà yín pé bí ẹ bá tún gbé e wá, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí.

Ìyá: Ẹ̀rù bà mí o. Àmọ́ ikọ́ kan mú ọmọ alájọgbé wa, á hú títí á fi bì, ojú rẹ̀ á ràn kankan. Wọ́n ní kò gba abẹ́rẹ́. Mi ò fẹ́ irú ìyẹn fún Àdùkẹ́.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ fojú ara yín rí i, ẹ ò sì fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ tiyín. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n sọ ohun tí a mọ̀ nípa ara gbígbóná yẹn?

Ìyá: Ẹ sọ ọ́, mò ń gbọ́.

Nọ́ọ̀sì: Ara gbígbóná díẹ̀ àti itan dídùn máa ń bá abẹ́rẹ́ náà rìn. Ọjọ́ 1 tàbí 2 ni, yóò lọ. Ẹ máa fún un lọ́yàn, ẹ má fi aṣọ púpọ̀ wé e, a ó sì sọ fún yín bóyá ó yẹ kí ó lo oògùn ara gbígbóná àti ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i. Bí ó bá ju ọjọ́ 2 lọ, tàbí gìrì mú un, tàbí kò lè mu ọyàn, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Báwo ni ẹ ti rí i sí?

Ìyá: Bó bá jẹ́ ọjọ́ 1 tàbí 2 ni, mo lè fara dà á. Ìyá ọkọ mi ló kù.

Nọ́ọ̀sì: Nítorí náà, òru ọjọ́ náà dẹ́rù bà yín, Màmá sì ní kí ẹ má wá mọ́. Síbẹ̀ ẹ ti rí ohun tí ikọ́ ṣe fún ọmọ alájọgbé, ẹ ò sì fẹ́ ẹ fún Àdùkẹ́. Kí ni ẹ wá fẹ́ kí a ṣe?

Ìyá: Ẹ gún un lónìí. Màá sọ fún Màmá bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni ó sọ ìdí tí ó fi yẹ kí Àdùkẹ́ gba abẹ́rẹ́? Nọ́ọ̀sì kọ́. Gbogbo rẹ̀ kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, àní bí èrò bá tilẹ̀ tò dé ẹnu ọ̀nà. Kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pẹ́ sì mọ èyí: a kì í tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ dúró sí ni a ó ti máa bá a lọ.

ÌYÁ ÀGBÀ ÀTI OMI

Ní ìlú wa, oòrùn oṣù Kẹta kì í ṣeré. Ìyá àgbà yóò wo ọmọ oṣù 2, yóò ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, yóò gbé omi tàbí àgbo. Bẹ́ẹ̀, ọyàn nìkan ni ó yẹ kí ọmọ mu títí yóò fi pé oṣù 6. Ìyàwó ilé kò lè ko ìyá ọkọ lójú, kò sì yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní "Màmá, ẹ fẹ́ fi omi pa ọmọ ọlọ́mọ," Màmá yóò dákẹ́ níwájú wa, yóò sì fún un lómi nígbà tí ó bá délé.

Kí a kúnlẹ̀ kí Màmá ná. "Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin lẹ tọ́ bàbá rẹ̀ dàgbà, ẹ ti rí ọmọ ju tiwa lọ. Kí ni ẹ máa ń rí lára rẹ̀ tí ẹ fi ń mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́?" Màmá yóò ní ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń ké. "Ẹ ò fẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́ nínú ooru yìí." Màmá yóò ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nígbà náà ni kí a gba àyè. Kí a sọ fún un pé bí a bá pín omi ọyàn sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 nínú rẹ̀, omi lásán ni. Ọlọ́run ti fi omi sí i kí ó tó dé ẹnu ọmọ. Kí a sọ pé ikùn ọmọ kéré, bí omi bá ti kún un, kò ní í lè mu ọyàn tó mọ́, omi tí kò bá sì mọ́ ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ, kí a tún gbé e sí ọyàn.

Kí a wá fún Màmá ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó máa ka iye ìgbà tí ọmọ ń tọ̀. Bí ọmọ tí ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, omi tó o. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí Màmá fúnra rẹ̀ gbé e wá. Màmá tí ń ka ìtọ̀ ọmọ ti di ẹni tí ń bá wa ṣọ́ ọmọ náà.

BÀBÁ TÍ Ó NÍ RÁRÁ

Nígbà mìíràn, ẹni tí ó kọ̀ kò tilẹ̀ wá. Ìyá ọmọ yóò ní, "Bàbá wọn ní rárá." Kí a má ṣe bú bàbá lẹ́yìn. Kí a ní kí ó wá, tàbí kí a bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí a sì bi í ní ìbéèrè kan tí ó wúlò púpọ̀: "Alhaji, bí 0 bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ abẹ́rẹ́ yìí rárá, tí 10 sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, èwo ni ẹ wà?" Ká ní ó dáhùn pé 3. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò bèèrè pé, "Kí ló dé tí kò tó 10?" Ìdáhùn ìyẹn ni gbogbo ohun tí ó burú nínú abẹ́rẹ́. Ẹ kúkú bèèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ ò mú 0?" Nígbà náà ni Alhaji yóò ronú. Ó lè ní, "Èmi náà gbà á ní kékeré, àpá rẹ̀ nìyí ní apá mi." Kí a wá bèèrè ohun tí ó lè gbé e láti 3 dé 5. Ó lè ní òun fẹ́ mọ àìsàn tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dènà. Ìbéèrè tí a lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ ni ìyẹn, a kì bá má mọ̀ ọ́n bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà.

Ẹ óò tún rí i pé ìbéèrè máa ń tú ohun tí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ rárá síta. Ìyá kan yóò ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ bọ́ sí ọjọ́ ọjà òun. Òmíràn sọ káàdì nù, ojú sì ń tì í láti wá. Òmíràn rò pé owó ni a ó gbà, kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìbáwí kò lè rí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí a bá sì rí wọn, wọn kì í ṣòro tún ṣe: a lè wá ọjọ́ mìíràn, a sì lè kọ káàdì tuntun.

IBI TÍ ỌGBỌ́N YÌÍ KÒ DÉ

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀tàn ni mo ń kọ́ yín. Bí ara ọmọ yóò bá gbóná, kí a sọ pé yóò gbóná. Ẹni tí a bá fi irọ́ mú wá lónìí kò ní í wá lọ́la, ẹ sì ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano. Ẹ má sì rò pé gbogbo òbí ni yóò gbà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ lọ ronú, kí a kí i pé ó ṣeun, kí a sì bèèrè ọjọ́ tí a ó tún rí i. Ẹni tí ó bá fi inú dídùn kúrò lọ́dọ̀ wa yóò padà.

Àkókò kan sì wà tí kò sí àyè ìjíròrò. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu ọyàn tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí ó bá ń mí lemọ́lemọ́ tí abẹ́ ìhà rẹ̀ sì ń wọnú, bí ó bá sùn tí kò ṣeé jí, tàbí bí ó bá ń ṣu gbuuru tí ojú rẹ̀ sì jìn wọnú, ẹ má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ó fẹ́. Ẹ gbé ọmọ, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀rọ̀ yóò wà lẹ́yìn náà.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa mú ìyá ọmọ kan tí ó mọ̀ ní agboolé tàbí ní ìtòsí rẹ̀, tí a ti ń bá wí lórí ohun kan nípa ọmọ rẹ̀. Kí a má bá a wí mọ́. Kí a bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni ó ń ṣòro fún ọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Lẹ́yìn náà, kí a pa ẹnu dé títí yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Èyí ni ó le jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ìmọ̀ràn máa ń yún wa lẹ́nu.

Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ gbé e wá sí dìsípẹ́ńsárì, ẹ má gbé e lọ sílé. Bí ẹ bá bá nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ le pàdé, ẹ lè sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀." Bí kò bá sì gbọ́, ẹ bèèrè ọ̀gá rẹ̀, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ẹnu nọ́ọ̀sì fi ọmọ sílẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́. Ọmọ kò sí níbi tí ẹ ti jà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa o.